Ìyá Tí Ó Gba Ààwẹ̀ Àwọn Ọlọ́wẹ̀

Ní ayé àtijọ́, kí ọ̀nà mọ́tò tó la Òkè-Àfọ̀n kọjá, Bàbá Ìjọ kan pe ìjọ rẹ̀ sí ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó sì pe àwọn tó ń gba ààwẹ̀ náà sí ọ̀wẹ̀ nínú oko ara rẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ fún un ní ọjọ́ kìn-ín-ní, wọn kò jẹun. Wọ́n ṣiṣẹ́ fún un ní ọjọ́ kejì, wọn kò jẹun. Ní ọjọ́ kẹta, aboyún kan ṣubú sáàárín ebè, oyún oṣù márùn-ún sì bàjẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, Bàbá Ìjọ dúró lórí àga ìwàásù, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀rọ̀ tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà ni kò jẹ́ kí Ọlọ́run gbé e ró.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. N kò fi iyọ̀ sí i, n kò fi ata sí i. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, kí n má baà pariwo. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi náà ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Sífọ́rà ni orúkọ obìnrin tó ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo fẹ́ ròyìn fún yín, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, Tàbítà Àyọ̀ká. Ọwọ́ Tàbítà yìí ni agbolé wa ti ṣẹ̀. Opó ni, ó ga, ó dúdú, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè. Òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń gbàdúrà nínú ìjọ, òun ló sì ń lu agogo bí àkókò àdúrà bá tó. Bàbá Ìjọ tí mo ń wí, Lágbókùn ni orúkọ tirẹ̀.

Kí ẹ tó mọ ohun tó dun Tàbítà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń wá.

Nígbà tí ìgbàgbọ́ kọ́kọ́ dé Òkè-Àfọ̀n, ènìyàn mọ́kànlá péré ló gbà á. Wọn kò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Abẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n ń péjọ sí. Wọ́n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ nígbà kan, àwọn mọ́kànlá, Tàbítà wà níbẹ̀, Lágbókùn náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, nǹkan kan bọ́ lé wọn lórí. Bàbá mi ní bí òun bá bi àwọn àgbà pé kí ni, wọn kì í lè sọ ọ́, ẹkún ni wọ́n máa ń sun. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tó ṣe. Ọkùnrin kan dìde láàárín àdúrà, ó lọ fa igi ààlà tó ti rì sínú ilẹ̀ ẹlòmíràn láti ọdún méje, ó dá a padà sí ààyè rẹ̀. Àwọn ìyàwó méjì tí wọn kì í bu omi nínú ìkòkò kan náà dì mọ́ ara wọn. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ gbọ́ orin, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Lágbókùn sunkún lọ́jọ́ náà títí ojú rẹ̀ fi wú. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, òótọ́ ni ó sunkún.

Iná Ẹ̀mí tó bọ́ lé wọn lórí yẹn jó fún oṣù mẹ́rin. Lẹ́yìn náà wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kan páànù sí i, wọ́n ra agogo. Wọ́n fi Lágbókùn jẹ Bàbá Ìjọ. Àwọn ènìyàn mọ́kànlá di ọgọ́rin. Orin pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹnu ni orin náà ń mọ, kò dé àyà. Àwọn èèyàn ń jà sí ààyè ìjókòó. Tàbítà a máa ti oko lọ sí ibi tí àtíbàbà yẹn wà tẹ́lẹ̀, a máa dúró síbẹ̀ pẹ̀lú igbá lórí, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílẹ̀. Àárò iná náà ń sọ ọ́. Ó ń fẹ́ kí ó padà wá bí abiyamọ ṣe ń fẹ́ kí ọmọ tó rìn jìnnà padà wálé.

Nítorí náà, ìgbàkigbà tí Bàbá Ìjọ bá ti sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká gbààwẹ̀ kí ìsọjí lè dé," Tàbítà ni yóò kọ́kọ́ sọ pé, "Àmín." Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Kò wo ẹnu àáké rárá.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ mọ ọ̀wẹ̀? Bí iṣẹ́ oko bá wọ ènìyàn lọ́rùn, ó ń ránṣẹ́ pe àwọn ará, wọn á wá bá a ṣe é. Kò ní san nǹkan kan fún wọn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bọ́ wọn yó. Iyán á wà, ẹran á wà, ẹ̀rín á wà. Òfin ọ̀wẹ̀ nìyẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀wẹ̀ tí kò bá ní oúnjẹ nínú, iṣẹ́ ẹrú ni.

Ọjọ́ ààwẹ̀ ni Lágbókùn ń pe ọ̀wẹ̀ tirẹ̀.

Ìbíyẹmí, mo rí ọ, o ń rẹ́rìn-ín. Kí lo fẹ́ sọ?

"Bàbá, ọkùnrin yẹn gbọ́n o! Oko rẹ̀ mọ́, iṣu rẹ̀ ò sì dín."

Ẹ rẹ́rìn-ín, gbogbo yín, ẹ rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Òkè-Àfọ̀n pàápàá rẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́. Bàbá Dánẹ́ẹ̀lì, ọkùnrin arúgbó kan tí kì í lè pa ẹnu mọ́, sọ láàárín ebè pé, "Ikùn mi ti ń kọrin láti àárọ̀, ẹ ṣáà bá mi gbọ́ ọ bóyá orin ìyìn ni." Ṣùgbọ́n Bàbá Ìjọ ti kọ́ wọn pé òógùn náà jẹ́ àdúrà. Ó ní kí wọ́n fi apá gbàdúrà, kí wọ́n fi ẹ̀yìn gbàdúrà. Àwọn ọkùnrin ń kọ ebè, àwọn obìnrin ń ru èbù iṣu láti abà. Tàbítà gbà á gbọ́. Ó ru èbù ju gbogbo wọn lọ, ó ń fi orin tì wọ́n lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tí mo sọ fún yín, Sífọ́rà wá bá a nílé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí èmi náà gbà á? Ọmọ tó wà nínú mi yìí ń béèrè oúnjẹ ju ìyá ọkọ mi lọ."

Tàbítà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Gbà á. Ọlọ́run tó fi í síbẹ̀ mọ bí yóò ṣe bọ́ ọ."

"Èbù yẹn ńkọ́?"

"Rọra máa ru díẹ̀díẹ̀. Ṣé o kò fẹ́ kí iná yẹn bá ọmọ rẹ láyé ni?"

Sífọ́rà fẹ́. Ta ni kò fẹ́?

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tàbítà wà lọ́jà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìṣojú rẹ̀ ni orí ọmọ ṣe wọ́. Òun ló gbé àbúrò rẹ̀ láti oko délé lọ́jọ́ kẹta yẹn, òun ló fọ aṣọ tó kún fún ẹ̀jẹ̀, òun ló gbẹ́ ilẹ̀ kékeré sí ẹ̀yìnkùlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ọjọ́ kejì, ó lọ síwájú ẹní Sífọ́rà, ó kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò. Ó ní, "Èmi ni mo sọ pé kí o gbà á."

Nítorí náà, nígbà tí Bàbá Ìjọ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀rọ̀ yẹn lórí àga ìwàásù, Tàbítà dìde.

"Bàbá Ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè."

"Tàbítà, a kì í béèrè ọ̀rọ̀ láàárín ìwàásù."

"Ẹ máa bá a lọ, Bàbá. Màá dúró."

Ó dúró. Gbogbo ojú kúrò lára Bàbá Ìjọ, wọ́n wà lára obìnrin tó nàró ní ìdúró gbọọrọ bí igi ọ̀pẹ. Ìwàásù náà kò lè rìn mọ́.

"Ó dáa, béèrè ká gbọ́."

"Ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ta la gba ààwẹ̀ fún?"

"Ọlọ́run ni. Kí ìsọjí lè dé."

"Ta la kọ ebè fún?"

"Èmi ni," Bàbá Ìjọ dáhùn. "Ṣé ẹni tó ń fún yín ní oúnjẹ ẹ̀mí kò tó ẹni tí ẹ lè ràn lọ́wọ́ ni?"

"Ẹ tó bẹ́ẹ̀, ẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ẹ pè wá lọ́jọ́ mìíràn ni, à bá wá. À bá kọ ebè, ẹ̀ bá gúnyán, à bá jẹ, à bá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a di ẹnu wa fún Ọlọ́run lẹ pè wá. Ebi tí a mú wá fún un, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi kọ ebè. Ẹ wá ń bi Sífọ́rà léèrè ìdí tí Ọlọ́run kò fi gbé e ró?"

"Àmín!" Bàbá Dánẹ́ẹ̀lì ló kígbe. Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, ó tẹrí ba kíákíá bí ẹni tó ń wá bàtà.

Ojú Bàbá Ìjọ pọ́n. Ó ní, "Tàbítà, kúnlẹ̀ níbí yìí kí o tọrọ àforíjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o kò ní jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa nínú ìjọ yìí mọ́."

"Ẹni tí mo ṣẹ̀ ni mo ti kúnlẹ̀ fún. Ẹ̀yin náà, Bàbá, ilé rẹ̀ kò jìnnà."

Wọ́n gba agogo lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ lè rò pé inú rẹ̀ dùn nítorí pé ó ti sọ òótọ́. Kò dùn. Nígbà tó bá lọ pọn omi, àwọn obìnrin a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ létí odò: "Tàbítà, ẹ kú òmìnira o! Ẹ ti jẹun àárọ̀?" A máa dá wọn lóhùn pé, "Mo jẹun, kò yó mi." Òótọ́ ló ń sọ. Kò lè gba ààwẹ̀ mọ́. Bí oúnjẹ bá ti kọjá àkókò díẹ̀, ojú Sífọ́rà láàárín ebè ni yóò máa rí. Kò lè gbàdúrà mọ́ pẹ̀lú. Ó kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kò wá. Ó kọrin, ohùn gbẹ. Bàbá mi ní àdúrà kan ṣoṣo ló rí gbà ní gbogbo àsìkò náà, òun náà sì ni pé, "Olúwa, n kò bá ọ jà. Àyà mi ló tutù bí ààrò ilé tí wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀. Bí o bá ń kọjá, wò mí."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó ń sunkún, ó sì ń ríran. Ó rí i pé kì í ṣe ààwẹ̀ ló pa ọmọ náà. Ẹni méjì ni wọ́n dì sínú ara kan, ẹni tó ń gbààwẹ̀ àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ó rò pé bí a bá lè yà wọ́n, bóyá Ọlọ́run yóò tún rí ààwẹ̀ tirẹ̀ gbà lọ́wọ́ ènìyàn.

Èpò hù lórí ebè Lágbókùn. Àkókò oko ríro dé. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Bàbá Ìjọ tún kéde ààwẹ̀ fún ìsọjí, ó sì kéde ọ̀wẹ̀ mọ́ ọn. Nínú ọgọ́rin ènìyàn, mọ́kàndínlógún ló lọ. Àwọn kan bẹ̀rù Ọlọ́run, àwọn kan bẹ̀rù Bàbá Ìjọ, àwọn kan kò mọ èyí tí àwọn ń bẹ̀rù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Tàbítà wa iṣu, ó gbé ìkòkò kaná. Sífọ́rà bá a bẹ ẹ́. Wọ́n gún un títí ó fi kúná, wọ́n se ẹ̀fọ́ òdú pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ. Sífọ́rà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ lọ ba ààwẹ̀ wọn jẹ́ ni?"

Ó ní, "Rárá. Mo fẹ́ lọ gbà á lọ́wọ́ wọn."

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé oko. Oòrùn ń ta. Àwọn èèyàn náà tẹ̀ ba sórí ọkọ́, ètè wọn funfun. Bàbá Ìjọ jókòó sábẹ́ igi ìrókò. Òun náà kò jẹun, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi ló wà.

Tàbítà sọ agbọ̀n kalẹ̀ sí etí ebè, ó ṣí ewé lórí iyán. Èéfín rẹ̀ jáde. Bàbá Dánẹ́ẹ̀lì sọ ọkọ́ sílẹ̀.

"Tàbítà, má dán wa wò o. Èmi ò lágbára bíi Jésù."

"N kò dán yín wò, Bàbá. Ẹ jẹun. Gbogbo ẹni tó bá jẹ níhìn-ín, ọjọ́ kan ààwẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Èmi tí n kò ro oko ni màá gbà á. Ààwẹ̀ náà kò ní bọ́ sílẹ̀, àdúrà kò ní bọ́ sílẹ̀."

Bàbá Ìjọ dìde lábẹ́ igi. "Ta ló fún ọ láṣẹ láti fi oúnjẹ sẹ́nu àwọn ènìyàn Ọlọ́run?"

"Ẹ̀yin lẹ pe ọ̀wẹ̀, Bàbá. Mo bá yín gún iyán rẹ̀ ni." Ó fi igbá omi lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó kúnlẹ̀ bí ọmọ ṣe ń kúnlẹ̀ fún bàbá. "Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ wá bá wọn jẹ ẹ́. Ó tó gbogbo wa."

Ó kúnlẹ̀, ẹ gbọ́ mi. Ẹni tí kò kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kúnlẹ̀ sínú èpò.

Lágbókùn wo iyán. Ó wo omi. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rántí ọ̀rọ̀ kan tó ti sọ rí lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ. Ká ní ó fọ ọwọ́ lọ́jọ́ yẹn, bóyá ìtàn mìíràn ni ǹ bá sọ fún yín. Kò fọ̀ ọ́. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sílé.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bàbá Dánẹ́ẹ̀lì ló kọ́kọ́ fọ ọwọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo àwọn mọ́kàndínlógún jẹ. Omijé ń ro sínú ọbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jẹ tán, Tàbítà ní kí wọ́n parí poro tó kù, nítorí pé ọ̀wẹ̀ ni ọ̀wẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ pé ní agbolé yìí, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ kì í gba ààwẹ̀, ẹni tó bá sì ń gba ààwẹ̀ ló ń dáná fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún un, nìyẹn. Bí ẹ bá dé ibòmíràn tí wọ́n bá ní kí ẹ fi ebi sin ènìyàn ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ sọ pé ẹ kì í ṣe é nílé yín.

Tàbítà bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ọjọ́ mọ́kàndínlógún ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lórí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó ń dárúkọ ẹni tó ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń gbàdúrà fún un títí oòrùn fi wọ̀. Ọ̀rọ̀ ti padà sí ẹnu rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá Dánẹ́ẹ̀lì wá jókòó tì í. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n ti di méje. Àwọn náà ni wọ́n kọ́ ilé yí i ká lẹ́yìn náà, tí ibí yìí fi di agbolé.

Dúró, o na ọwọ́ sókè. Sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ṣé iná náà wá bọ́?"

N kò ní purọ́ fún ọ, ọmọ mi. Tàbítà bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn títí ó fi darúgbó. Ọ̀rọ̀ dùn lórí àpáta náà. Ọkàn àwọn kan rọ̀, àwọn kan sunkún. Ṣùgbọ́n bíi ti abẹ́ àtíbàbà yẹn, rárá, kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi retí rẹ̀, ó kú. Èmi náà ń retí rẹ̀. Nígbà mìíràn tí ẹ bá ń kọrin, tí ọ̀kan nínú yín bá pa ojú dé lójijì, ọkàn mi a fò sókè, màá ní, àbí òun nìyí? Ẹ má jẹ́ kí ó sú yín láti máa wá a. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni ọ̀nà tí a ń gbà wá a.

Nígbà tí ọjọ́ mọ́kàndínlógún pé, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ọjọ́ kejì, Sífọ́rà gun àpáta náà lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá a tó ti tẹ́ ẹní, ó ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, kò sì tíì fọwọ́ kàn án.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ènìyàn mọ́kàndínlógún ló jẹun. Ẹ ti gbà á pé. Ọjọ́ ta lẹ tún jókòó tì?"

Tàbítà ní, "Ẹnì kan kù. Ọmọ rẹ."

Sífọ́rà fi ọwọ́ lé ikùn rẹ̀.

"Mo rò ó ní gbogbo òru," Tàbítà wí. "Ọjọ́ tirẹ̀ kò ní ààwẹ̀ nínú. Ó ti gba ọjọ́ mẹ́ta kó tó lẹ́nu. Wá jókòó."

Ó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi í sí àbúrò rẹ̀ lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí àgbà ilé yìí ṣe ń fi òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu aboyún títí di òní bí ààwẹ̀ wa bá parí. Sífọ́rà jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, Tàbítà bu tirẹ̀, òun náà jẹ. Wọ́n jẹ gbogbo rẹ̀ tán láìkánjú, ẹkún ń gbà wọ́n, ẹ̀rín ń gbà wọ́n. Nígbà tí wọ́n jẹ tán, wọ́n fọ ọwọ́, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ lórí àpáta náà pẹ̀lú ikùn tó yó, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ọlọ́run pé kó máa bọ̀.